Ọ̀kọ̀ Ògúndìran

1.

…ó sì kà á sókè níwájú gbogbo kíláàsì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí Tíṣà fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ láti nu omijé.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Rárá. Òjò ò rọ̀. Ọyẹ́ ló ń fẹ́, ètè gbogbo wa sì ti sán. Èmi ni mo máa ń fi òjò sí i, torí ó yẹ kí òjò rọ̀.


2.

Ohun tí èmi Ràsáàkì kọ, ní kíláàsì karùn-ún, ní Tẹ̀dé:

        Àwẹ̀ró, mo fi ọ̀kọ̀ mi sílẹ̀ nítorí rẹ.

Ohun tí Àtinúkẹ́ kà nígbà tí Tíṣà ní kó ka ìwé mi sókè:

        Àwẹ̀ró, mo fi ọkọ mi sílẹ̀ nítorí rẹ.

Ògúndìran ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Jagunjagun ni. Ẹlẹ́ṣin ni. Ó ní irùngbọ̀n.


3.

Wọ́n sọ mí ní Ìyàwó.


4.

Tíṣà béèrè lọ́wọ́ Àtinúkẹ́ pé ṣé àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní, "Kò sí, sà."

Tíṣà ò wo ìwé náà. Àtinúkẹ́ kì í parọ́. Òun ló ń gba ipò kìn-ín-ní.

Tíṣà wá kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ, bí o ò bá lè fi àmì sí ọ̀rọ̀, wọn á máa fún ọ lọ́kọ báyìí ni."

Mo fa ìwé náà ya lójú ọ̀nà ilé. Mo fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ sì gbé e wọ inú koríko. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Èmi náà ò lè yẹ̀ ẹ́ wò.


5.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọkọ́, mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sóko. Inú wọn dùn. Ebè pọ̀ láti kọ.

N kò padà sí ilé ìwé.


6.

Àwọn ohun tí mo gbà gbọ́, bí ọjọ́ bá ṣe rí:

Mo fi àmì sí i.
Mo fi àmì sí i.
Bóyá mo gbàgbé.
Mo fi àmì sí i.


7.

N kò dáwọ́ ìtàn náà dúró. Orí ebè ni mo ti ń sọ ọ́ fún ara mi. Ayé ìgbà tí ọba Ọ̀yọ́ wà ní Ìgbòho ni, tí Tápà ń dún mọ̀huru mọ̀huru lókè odò, tí ẹṣin pọ̀ ju ewúrẹ́ lọ nígboro. Ògúndìran ni ọ̀dọ́ ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó lọ sójú ogun. Àwẹ̀ró ni ọmọbìnrin tó ń pọn omi nídìí odi ìlú.

Mujeebat ọmọ mi ra fóònù fún mi. Mo ń tẹ ìtàn náà sí i lábẹ́ igi ẹmì, bí oòrùn bá mú. N kì í fi àmì kankan sí i. Wọ́n ní kò sí àmì nígbà tí ó wà níbẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ fi í ṣe?


8.

[Wásáàpù]

ÈMI: Ogundiran gun esin jade. Oko re n dan ninu oorun.
MUJEEBAT: Bàbá, kí ló ń dán? Oko? Ọkọ́? Àbí ọkọ ló ń dán?
ÈMI: Eni ti o ba logbon a mo.
MUJEEBAT: Mo lọ́gbọ́n, sà. N kò mọ̀ ọ́n.


9.

ÌKÉDE

Ilé iṣẹ́ rédíò wa ní Ṣakí ń wá ÌTÀN ÌFẸ́ AYÉ ÀTIJỌ́ tí a ó máa kà ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ogun lè wà níbẹ̀. Ẹṣin lè wà níbẹ̀. Ìfẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.


10.

Mujeebat fi tèmi ránṣẹ́ láì sọ fún mi. Wọ́n gbà á.

Mo bá a jà. Lẹ́yìn náà mo lọ ra bátìrì rédíò.


11.

[Ohun tí mo gbọ́ lórí afẹ́fẹ́. Cornelius, ọmọ rédíò, ló ń kà á.]

CORNELIUS: …Ògúndìran sì na ọkọ̀ rẹ̀ sókè sí àwọn Tápà…
OLÙGBỌ́ LÁTI ÌLÚÀ: Ẹ dákun, irú ọkọ̀ wo ni? Ṣé tírélà ni?
CORNELIUS: Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kà á.
OLÙGBỌ́ LÁTI KOMU: Ẹ bá mi bẹ Ògúndìran yẹn. Ẹni tó lè na ọkọ̀ sókè, kó wá yọ ti ọkọ mi nínú ẹrẹ̀.


12.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Kàdírì gun ọ̀kadà kọjá lẹ́bàá oko mi. A jọ wà ní kíláàsì karùn-ún ni. Ó ti ní ọmọ-ọmọ.

"Ìyàwó! Ọkọ rẹ ti di ọkọ̀ o!"


13.

[Wásáàpù, láti ọ̀dọ̀ Cornelius]

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ìtàn yín, wọ́n sì ń bú mi. A ò lè ka apá kejì àfi tí àmì bá wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Màmá kan ń bá wa ṣe irú rẹ̀, tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn náà ni wọ́n máa kà á. Ìyá Ọpẹ́olúwa là ń pè wọ́n.


14.

Ìyá Ọpẹ́olúwa ni Àtinúkẹ́.


15.

Rárá.


16.

MUJEEBAT: Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín fi àmì sí i.
ÈMI: Òun kọ́.
MUJEEBAT: Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, Bàbá!
ÈMI: Èmi ni ọmọdé náà.
MUJEEBAT: Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ ò fi àmì sí i ńkọ́?

Mo dìde lórí àga. Mo lọ wo iṣu nínú abà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ṣe iṣu.


17. (Àwẹ̀ró)

Èmi Àwẹ̀ró, láti ìgbà tí Ràsáàkì ti wà lọ́mọdé ni mo ti ru omi sórí nídìí odi Ìgbòho. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Ọrùn ń ro mí. Ògúndìran dúró níwájú mi, ó la ẹnu, kò sọ nǹkan kan. Bí Ràsáàkì bá dé ibẹ̀, á ti fóònù bọ àpò, á lọ tu koríko.

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó jẹ́ kí ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀.


18.

Mo lọ sí Ṣakí. N kò mú iṣu dání.

Irun Àtinúkẹ́ ti funfun ju tèmi lọ. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, n kò mọ ohun tó fà á, kò dùn mọ́ mi mọ́.


19.

[Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó di bírò mú. Mujeebat ti tẹ ìtàn náà sórí ìwé.]

ÌYÁ ỌPẸ́: Káàbọ̀, Ràsáàkì. Jókòó.
ÈMI: Mo lè dúró.
ÌYÁ ỌPẸ́: Dúró, nígbà náà. Èyí, ọkọ́ ni àbí ọ̀kọ̀?
ÈMI: Ọ̀kọ̀.
ÌYÁ ỌPẸ́: Eléyìí ńkọ́?
ÈMI: Ọ̀kọ̀. Kí ni ẹlẹ́ṣin fẹ́ fi ọkọ́ ṣe lójú ogun?
ÌYÁ ỌPẸ́: Mò ń béèrè ni.
ÈMI: Ó yẹ kí o ti béèrè nígbà kan rí.

(Ó fi àmì sí i. Ó ṣí ìwé. Ó tún fi àmì sí i. Ó pẹ́.)

ÌYÁ ỌPẸ́: Níbí, ó ní "Ogundiran ni". Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló sọ fún un?
ÈMI: Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
ÌYÁ ỌPẸ́: Àwọn tó ń gbọ́ máa fẹ́ mọ̀.
ÈMI: Fi í sílẹ̀.


20.

Ó bu omi fún mi. Mo mu ún. Òùngbẹ ń gbẹ mí ni.


21.

Cornelius ní kí n wá jókòó lẹ́yìn gíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba ohùn Àtinúkẹ́ sílẹ̀. Mo ní n kò ní lọ.

Mo wọ dàńṣíkí mi tuntun. Mo lọ.


22.

[Ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹ̀rọ ń gba ohùn sílẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ látinú nǹkan tí wọ́n fi bò mí létí.]

ÌYÁ ỌPẸ́: …Ògúndìran sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Eruku bò ó. Ó dúró níwájú ọmọbìnrin tó ru omi. Ògúndìran ní…

(Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi tán sí nínú ìwé.)

ÌYÁ ỌPẸ́: Ògúndìran ní, "Àwẹ̀ró, mo fi ọ̀kọ̀ mi sílẹ̀ nítorí rẹ."
CORNELIUS: Ó dùn o, Màmá. Ṣùgbọ́n ibo lẹ ti rí ìyẹn? Kò sí nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi.
ÌYÁ ỌPẸ́: Má pa ẹ̀rọ yẹn o.
CORNELIUS: N kò pa á, mà.
ÌYÁ ỌPẸ́: Ṣé ọkùnrin yẹn ń gbọ́ mi?
CORNELIUS: Wọ́n ń gbọ́ yín. Wọ́n ti dìde dúró.
ÌYÁ ỌPẸ́: Ràsáàkì. O kọ ọ́ níjọ́un pé Àwẹ̀ró ní àpá iná lọ́rùn ọwọ́ òsì. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ni àpá yẹn ní kíláàsì wa. Mo fojú kà á kí n tó la ẹnu, àyà mi já. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi lo kọ ọ́ fún, èmi ni wọ́n máa fi ṣe ẹ̀sín, á sì dé etí bàbá mi. O mọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Mo fo ibi tí àpá wà. Mo wá ohun tí á jẹ́ kí wọ́n fi ìwọ rẹ́rìn-ín dípò mi. Mo rí i kíákíá. Mo gbọ́n jù.
CORNELIUS: Màmá…
ÌYÁ ỌPẸ́: Dákẹ́ ná, ọmọ mi. Ràsáàkì, àmì wà níbẹ̀. Méjèèjì wà níbẹ̀. O tẹ pẹ́ńsù débi pé ó yọ lẹ́yìn ìwé, mo fi ìka kàn án. Tíṣà bi mí, mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa.