Awọ Tí Kò Gba Abẹ́rẹ́

"Ẹ dì í mú dáadáa," Dókítà Àbdùlláhì sọ fún nọ́ọ̀sì, ó sì tún ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀bá ojú egbò náà. Ó rọra fa òwú. Awọ náà ya bíi bébà tó rin fún omi.

Ọmọ́ṣaléwá di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú pinpin. Ìfun rẹ̀ ló lu tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ojú iṣẹ́ abẹ náà ló kọ̀ tí kò jiná, tó tún ṣí sílẹ̀.

"Màmá, kí ni ọmọ yín ń fi para?" dókítà béèrè. "Awọ òkè pátápátá ló ń dínà fún kòkòrò àìsàn. Tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó tán, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ò sì lágbára mọ́. Kò lè di òwú mú."

Ìyá Ṣaléwá, tó máa ń yan ẹja tà létí ọ̀sà ní Bárígà, wo ilẹ̀.

"Kíríìmù tó ń bó awọ ni, ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó máa fi para."

Ṣọ́ọ̀bù kíríìmù ni Àǹtí Gbémisọ́lá, ọ̀gá rẹ̀, ní ní Ṣómólú. Nígbà tí Ọmọ́ṣaléwá débẹ̀ láti kọ́ṣẹ́, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó dúdú minimini. Ọ̀gá rẹ̀ po nǹkan funfun kan sínú ike, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Láàárọ̀ lálẹ́ ni o. Ta ló fẹ́ ra kíríìmù lọ́wọ́ ẹni tó dúdú bí ìdí ìkòkò?"

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi pọ́n. Àwọn oníbàárà á fọwọ́ pa á lápá, wọ́n á ní irú èyí gan-an làwọn ń wá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé oòrùn ń jó òun, pé ara ń ta òun bí ìgbà tí wọ́n fata pa òun lára, ìyá rẹ̀ lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀.

"Tó bá dáwọ́ dúró, á dúdú padà, á já mi kulẹ̀," Àǹtí Gbémisọ́lá dáhùn. "Àbí ẹ fẹ́ kó wá máa yan ẹja ni?"

Ìyá Ṣaléwá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ní ọsibítù, egbò náà kẹ̀. Ara ọmọ gbóná bí iná, oògùn ò ràn án. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó dákẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ìyá rẹ̀ lọ kó àwọn aṣọ rẹ̀ ní Abúlé Òkúta, nílé ọ̀gá tí kò yọjú sí ọsibítù rí. Ó bá a lẹ́yìnkùlé, tó tẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ sórí itan, tó ń fi òrí pa á lára.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Ṣaléwá. Ṣé ara rẹ̀ ti ń yá? Ẹ jókòó, ọwọ́ mi ò mọ́." Ó bu òrí sí i. "Ẹ má wò ó pé kíríìmù ni mò ń tà. Mi ò jẹ́ kó kan àwọn ọmọ tèmi. Awọ ọmọ, ẹlẹgẹ́ ni."

Ìyá Ṣaléwá kò jókòó.

"Àná la sin ín," ó wí.

Ọwọ́ Àǹtí Gbémisọ́lá dúró lẹ́yìn ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló yára fa tówẹ́lì, ó fi bo ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ fọwọ́ kàn án.