Irun Ìyá Bọ́láwálé

Ìyàwó mi ní òun ò gba oògùn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Jẹjẹrẹ wà lọ́mú rẹ̀, dókítà ní òun máa fa oògùn sí i níṣan nígbà mẹ́fà, ara rẹ̀ lè yá, àmọ́ irun orí rẹ̀ á re. Nínú gbogbo rẹ̀, irun nìkan ni Ìyá Bọ́láwálé gbọ́.

"Lójú ayé ọkọ mi?" ló wí. "Kí n máa gbé orí pípá kiri Ìjerò bí opó? Ó tì o!"

Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ló ń fárí. Mo mọ̀. Síbẹ̀ inú bí mi, mo jágbe mọ́ ọn nínú yàrá dókítà l'Adó: "Ṣé o wá fẹ́ kí n sin ọ́ tìruntìrun ni?"

Dókítà Fadékẹ́mi ò bá wa pariwo. Ọmọ Ìkòrò ni, ọmọ àgbẹ̀ kòkó. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa.

"Ọdún méjì ni màmá mi fi aṣọ bo kókó ọmú tiwọn," ló wí. "Ìgbà tí mo fi rí i, ó ti pẹ́ jù. Ìdí tí mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí nìyẹn." Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ṣé ẹ lè máa bá wọn rìn, káyé lè máa rí i pé ẹ wà láàyè?"

Bí mo ṣe gbaṣẹ́ nìyẹn, tí Ìyá Bọ́láwálé sì gbà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúrò láàárín àwọn bàbá, mo lọ jókòó sáàárín àwọn ìyá. Lọ́jà, mo jókòó ti gààrí rẹ̀, mo ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọlọ́runfẹ́mi ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé wọ́n ti fi ẹ́ jẹ Ìyálọ́jà ni?" Mo ní kó máa bá tiẹ̀ lọ. A ò kúkú dárúkọ àìsàn náà fẹ́nì kankan. Táífọ́ọ̀dù là ń pè é.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ ìkẹrin, ibà dá mi wó. Ìyá Bọ́láwálé ní òun ò dá lọ. Ẹ̀rù bà mí, torí dókítà ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fo ọ̀kankan. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó lọ, kò dágbére.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ní Àrámọkọ, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fatimah wọ mọ́tò, ó jókòó tì í. Atẹ́gùn gbé ìborùn ìyàwó mi, Fatimah rí orí rẹ̀.

"Yéè! Màmá, ẹ kú àráfẹ́rakù. Ọlọ́run á dá yín sí fáwọn ọmọ."

"Ọkọ mi ò kú o!" Ìyàwó mi ní òun ò mọ̀gbà tóun pariwo. "Ó wà nílé, ó ń mẹ̀kọ! Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe mí. Oògùn ló jẹ irun mi, òmíràn ni mò ń lọ gbà yìí!"

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dárúkọ àìsàn náà síta nìyẹn.

Wọ́n kọjá Ìgèdé. Fatimah wá rọra mú ọwọ́ ìyàwó mi, ó tì í bọ abẹ́ híjáàbù rẹ̀, ó gbé e lé ọmú òsì tirẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Mi ò tíì sọ fẹ́nì kankan."

Wọ́n jọ wọlé tọ Dókítà Fadékẹ́mi lọ ni. Dókítà ní kí ìyàwó mi lọ jókòó síta ná, kóun yẹ Fatimah wò. Ìyàwó mi ò lè lọ. Fatimah ò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.