Aṣọ Tó Dára Jù

Fíìmù kan ṣoṣo ni bàbá wa fẹ́ràn láyé yìí: bàbá kan, ọmọkùnrin méjì. Àbúrò lọ, àbúrò padà, bàbá sáré pàdé rẹ̀, ó bọ́ kóòtù ọrùn ara rẹ̀ fún un. Tó bá ti débẹ̀, Bàbá á dá a dúró. "Ẹ rí kóòtù yẹn? Àánú Ọlọ́run nìyẹn." Ẹ̀gbọ́n inú fíìmù náà dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó dijú mágbárí. Èmi nìkan ló máa ń wo tiẹ̀.

Télọ̀ ni Bàbá, télọ̀ lèmi náà. Iléeṣẹ́ aṣọ ńlá kan nílùú mìíràn ti gbà mí, ọjọ́ Ajé niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti rán kóòtù tí mo máa wọ̀ lọ, mo fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó ku kí Bàbá súre fún mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ bàbá inú Bíbélì ló máa ń fi dá mi lóhùn: "Ṣebí o wà lọ́dọ̀ mi? Gbogbo ohun tí mo ní, tìrẹ ni." Kí ló ní? Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti fèrèsé kan tí kò ṣeé ṣí!

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, àbúrò mi tó ti sá nílé tipẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ti rù hangogo. Bàbá sáré. Bàbá olórúnkún ríro! Ó dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó wò yíká, ó já kóòtù mi lára ògiri, ó fi wọ̀ ọ́.

"Bàbá, kóòtù mi nìyẹn o."

"Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra."

Ọwọ́ òsì yẹn, èmi ṣá ni kì í tàsé.

"Ẹ ní ohun tẹ́ ẹ ní, tèmi ni. Ohun tí èmi ní ńkọ́?"

"Ọ̀kan náà ni. Ọwọ́ kóòtù yìí gùn jù fún un, bá a gé e."

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. N kò gba ibẹ̀ jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú àbúrò mi, mo kó pínnì sẹ́nu bí àwa télọ̀ ti máa ń ṣe, mo ń ṣẹ́ ọwọ́ kóòtù náà sókè.

Ó fọwọ́ pa aṣọ náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, kóòtù ìrìn àjò mà lèyí. Ṣé ẹ fẹ́ lọ síbì kan ni?"

"Ibo ló ń lọ?" Bàbá nu ojú rẹ̀. "Bi í." Ó yíjú sí mi. "Ó yá, sọ fún un, ibo lò ń lọ?"

Pínnì kún ẹnu mi.

"O ò rí i?" ni Bàbá wí, inú rẹ̀ dùn. "Kò lọ síbì kankan."

Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé ọwọ́ kóòtù náà.