Àga Tó Bẹ̀rẹ̀ Láti Mẹ́wàá

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ sì ni Màmá Pátákó fi gba ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé. Ọmọ káfíńtà ni Màmá Pátákó, òun náà ṣe káfíńtà fún ọgbọ̀n ọdún, ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ò gba orí òrùlé mọ́ ló ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin bí a ṣe ń ro nǹkan nínú, tí a ń yà á sórí ìwé, tí a sì ń fi ọwọ́ kàn án. Ọ̀gá àgbà ò fẹ́ gbọ́. Ó ní ìyọkúrò lásán ò tíì yé wọn, kí ló wá kàn wọ́n kan ayùn? Nígbà tó yá, ó fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí wọ́n kan àga gbọọrọ kan fún àwọn òbí tó ń dúró lẹ́nu ọ́fíìsì, òun fúnra òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó sí i. Bí kò bá dára, àkókò náà á padà di ti ìṣirò.

Àwọn ọmọ náà gba iṣẹ́ náà kanrí. Wọ́n ya àga sórí ìwé, wọ́n fi páálí ṣe kékeré, wọ́n ń to òkúta lé e títí ó fi wó, kí wọ́n lè mọ ibi tó yẹ kí igi ìdábùú wà. Òfin kan ni Màmá Pátákó ní: òun ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ ọmọ. Ẹni tó bá wọn igi ni yóò gé e.

Àmọ́ ó ní bárakú kan. Ẹnu téèpù tí baba rẹ̀ fi ń wọn igi ti gé kúrò tipẹ́, nítorí náà baba kì í bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti orí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ló ti ń wọn igi, á wá yọ mẹ́wàá kúrò nínú ohun tó bá kà. Màmá Pátákó náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí, kódà pẹ̀lú téèpù tuntun. Inú ọkàn ló ti ń yọ mẹ́wàá ọ̀hún, ta ló sì máa rí ohun tí èèyàn ń ṣe nínú ọkàn? Ohun tí ojú àwọn ọmọ rí ni wọ́n ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àga náà fi dojú dé lórí tábìlì tí wọ́n ń kan ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ìṣó tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ọ̀gá àgbà dé. Ọmọ mẹ́rin gbé àga sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yí i padà. Ó kúrú. Kí Màmá Pátákó tó lanu, ọ̀gá àgbà, tí kì í wẹ̀yìn kó tó jókòó, ti ń lọ sílẹ̀. Ó dé ibi tó rò pé àga wà, kò bá a níbẹ̀, ó tún lọ díẹ̀ sí i. Nígbà tó balẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń kí àgbọ̀n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wà níbẹ̀ o, olúkúlùkù ló gbé tirẹ̀ mì.

Màmá Pátákó mọ̀ pé ó ti tán. Ohun tó dùn ún jù ni àwọn ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n sorí kọ́. Ó ní ẹ̀bi òun ni, kí wọ́n má bá àwọn ọmọ wí.

Àmọ́ ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò, torí pé kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Òdo ló gbà nínú ìyọkúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti mú téèpù, ó ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ọ̀gá àgbà.

"Ọgbọ̀n ni," ó ní. "Ogójì la fẹ́." Ó na téèpù, ó ká a, ó tún un nà. "Màmá, ibi mẹ́wàá la ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. A wá dúró sí ogójì. A ò yọ mẹ́wàá yẹn kúrò."

Ọ̀gá àgbà ì bá ti dìde, àmọ́ àga náà kì í ṣe èyí tó ń tètè tú èèyàn sílẹ̀. Ó bá kúkú jókòó síbẹ̀, ó béèrè ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí. Gbogbo kíláàsì dáhùn pé àádọ́ta ni. Ó ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀ láti méjìdínlógún, tí òun dúró sí àádọ́rin ńkọ́, báwo ni igi náà á ṣe gùn tó? Agbẹjọ́rò ò wo téèpù. Ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì.

"Méjìléláàádọ́ta, mà."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó rọrùn jùyẹn lọ, o ò mọ̀ ọ́n."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó lé e, mà."

Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ń mì tìtì, àga náà ò sì dún rárá, nítorí pé àwọn tó kàn án mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó na ọwọ́ sí Màmá Pátákó, ìyẹn fà á dìde. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n gbé èyí fún àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, kí wọ́n kan òmíràn fún àwọn òbí. Kó tó jáde, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Màmá, ẹ bá mi gba àkókò ìṣirò ọjọ́ Ẹtì náà mọ́ tiyín."

Màmá Pátákó fẹ́ dúpẹ́, ẹkún ayọ̀ ti dé. Ó yíjú sí ògiri, ó ní òun ń wá òòlù, bẹ́ẹ̀ òòlù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.