Ẹ Má Pe Ómò Lórí Rédíò

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Fulera ti ń ṣe ètò "Ilé Mímọ́" ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ọ̀mù-Àrán. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, àwọn ìyàwó ilé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ, láti Òrò títí dé Ìjàrà-Ìsin. Ohun tí wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ kò le: ọ̀nà tí èèrà fi máa kúrò nínú ṣúgà, ọ̀nà tí ìkòkò tó jóná fi máa mọ́. Ètò náà kò dá ìjà sílẹ̀ rí.

Ọ̀gá tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Ignatius, ló gbé ìjà wọ inú rẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n ti gbé e wá. Ọjọ́ Ajé tó dé, kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìtọ̀ tó fi pe ìpàdé. Ó ní òun gbọ́ ètò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun sì ka orúkọ ọjà mọ́kànlélógún tí ẹnikẹ́ni kò sanwó ìpolówó rẹ̀.

"Láti òní lọ, ẹni tó bá dárúkọ ọjà ọlọ́jà lórí afẹ́fẹ́ máa gba kúérì. Ọṣẹ ni ọṣẹ ń jẹ́. Ẹ pè é ní ọṣẹ!"

Fulera mi orí pé òun gbọ́. Èyí wo ló le níbẹ̀?

Àlejò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni Màmá Mùínàt láti Ìjàrà-Ìsin, ìyá àgbà kan tí kò sí àbàwọ́n tí kò lè mú kúrò lára aṣọ funfun. Lẹ́mọ́mù mẹ́ta ló ń kó aṣọ wá fún un. Kí wọ́n tó wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, Fulera fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan o."

"Ọmọ mi, ilé iṣẹ́ wo ni mo mọ̀? Oko àti ilé ni mo mọ̀."

Ọkàn Fulera balẹ̀. Iná pupa tàn. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó ká apá mọ́ àyà. Fulera kí àwọn olùgbọ́, ó wá yíjú sí àlejò rẹ̀.

"Màmá, epo pupa ta sí aṣọ funfun. Kí ni ká ṣe sí i?"

"Kò le rárá. Ẹ bu ómò díẹ̀—"

Kò-kò-kò! Ọ̀gá kan gíláàsì.

"Ẹ wọlé!" Màmá dáhùn.

"Màmá, ọṣẹ ni ẹ̀ ń sọ," Fulera ní, ó ń fẹ̀rín bò ó.

"Kì í ṣe ọṣẹ. Èyí tó dì gbagidi ni ọṣẹ. Ómò ni mò ń wí."

Kò-kò-kò!

"Àbí èyí tó wà nínú ọ̀rá aláwọ̀ búlúù yẹn?"

"Búlúù ni o, pupa ni o, ómò ni gbogbo wọn. Èyí tí mò ń rà ládùúgbò wa, orúkọ ìyàwó ẹni tó ń ṣe é ni wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Ómò náà ni."

Òógùn ń bọ̀ níwájú orí Fulera. Láti kékeré, tí ìyá rẹ̀ bá ní kó lọ ra ómò, èyíkéyìí tó bá rí ló máa ń rà bọ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a wí rí. Kí ni nǹkan náà ń jẹ́ gan-an? Ó ronú títí, ọ̀rọ̀ kan wá sọ sí i lọ́kàn.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dùn, "Màmá ní kí ẹ lo ọṣẹ oníyẹ̀fun."

Ọ̀gá na àtàǹpàkò sókè láti ẹ̀yìn gíláàsì. Màmá wo Fulera bí ẹni tí ibà ń ṣe.

"Ìyẹ̀fun kẹ̀? Ta ló dárúkọ ìyẹ̀fun?"

Ṣùgbọ́n Fulera ti sáré bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó bi í léèrè nípa omi tó ń sọ aṣọ di funfun, Màmá ní jíìkì ni. Kò-kò-kò. Ó bi í léèrè nípa àpò ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé ìwé, Màmá ní bírò ló sábà ń ba ìyẹn jẹ́. Kò-kò-kò. Ó ya Fulera lẹ́nu. Ohùn ọ̀gá wá wọlé sí i létí nínú ẹ̀rọ tó fi bo etí: "Orúkọ ọkùnrin tó ṣe é ni!" Fulera wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ti fi ń kọ̀wé láti pámárì, bí ẹni pé àjèjì ló ti ń bá a gbé láti ọjọ́ yìí.

Inú ti ń bí Màmá. "Ẹ wò ó, mo ti ìdájí gun ọ̀kadà wá síbí—"

Kò-kò-kò! Ohùn ọ̀gá tún wọlé. Fulera fi ohùn pẹ̀lẹ́ tún un sọ: "Màmá, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Ìjàrà?"

Ọpẹ́lọpẹ́ fóònù tó dún. Ọkùnrin kan ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àǹtí Fulera, ẹ gbà mí o! Salaudeen ni, láti Òrò. Yìgì mi ni ní aago mọ́kànlá, epo ta sí jàlámíà mi. Mo ṣe é bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo rún ọṣẹ, mo bu láfún sí i, mo da omi gbígbóná lé e."

"O bu kí ni?" Màmá kígbe.

"Láfún, mà. Ṣé ẹ ní ọṣẹ oníyẹ̀fun? Ó ti di ọkà sára aṣọ, ó sì ń le sí i ni."

Ẹnu Fulera ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè yọ ọkọ ìyàwó, àmọ́ kúérì ló bá ọ̀rọ̀ náà wá. Ó yíjú wo ọ̀gá lẹ́yìn gíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́," Salaudeen ń bẹ̀bẹ̀, "aago mẹ́wàá ti lù. Bàbá ìyàwó mi kì í fojúure wo ẹni tó bá pẹ́."

Ilẹ̀kùn ṣí gbàà. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius wọlé, ó na ọrùn sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lójú Fulera.

"Arákùnrin, gbọ́ mi dáadáa! Ha ọkà yẹn kúrò. Omi tútù ni kó o fi ṣàn án, má fi gbígbóná mọ́. Kó o sáré lọ ra ómò!"

"Ta nìyẹn, sà?"

"Má bèèrè! Ómò, ọ̀rá ńlá! Da púpọ̀ sí i. Tí kò bá lọ, kán jíìkì sí i."

"Díẹ̀ o!" Màmá ké lé e. "Kó má baà jẹ aṣọ."

"Díẹ̀," ọ̀gá gbà. "Kó o sì sá a sóòrùn."

Fóònù já. Màmá wo ọ̀gá láti òkè délẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Èyí gbọ́ Yorùbá," ó ní.

Àkókò ètò pé, kò sẹ́ni tó lè dìde. Orin ni wọ́n fi sí i. Àwọn èèyàn sì ń pè ṣáá, wọ́n ń béèrè bóyá jàlámíà ti mọ́. Obìnrin kan láti Òmùpo ní kí ọkọ ìyàwó wá yá ti ọkọ òun, pé ọkọ òun sanra díẹ̀ ṣá. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, Hafeezat, àbúrò Salaudeen, pè. Epo ti lọ, yìgì sì ti so, àmọ́ aṣọ kò ráyè gbẹ. Títutù ni Salaudeen wọ̀ ọ́ jókòó síwájú lẹ́mọ́mù, omi ń kán tó tó tó sórí ẹní. Bàbá ìyàwó rò pé òógùn ni. Ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bà lẹ́rù tó báyìí yóò tọ́jú ọmọ òun.

Màmá Mùínàt kò le sọ̀rọ̀ fún ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n sin ín jáde tán, ọ̀gá pe Fulera sí ọ́fíìsì. Fulera ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá kò gbójú sókè. Ó na ìwé funfun kan sí i.

"Kọ àwọn orúkọ ọjà tó ti di ti gbogbo ayé sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Àwọn tí a kò ní kan gíláàsì lé lórí."

Fulera jókòó, ó kọ pámpásì, ó kọ mákílíìnì. Nígbà tó kan indómì, ọ̀gá ní rárá, ìyẹn ṣì ní olówó. Wọ́n jiyàn. Fulera ní kó wá sọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Ọ̀gá la ẹnu, ó wo òkè àjà.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní.