Dúdú Méjì Ló Wà Nínú Ẹ̀rọ Náà

Àwòrán méjìlá ni ilé ìwòsàn gbé wá fún wa láti tẹ̀ ní dúdú àti funfun, ti àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ti fẹ̀yìn tì, èyí tí wọn yóò gbé kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn tuntun wọn. Dókítà mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì mẹ́ta, alágbàfọ̀ kan. Alágbàfọ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí gbogbo ilé wa ń pè ní Màmá Ńlá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi fọ aṣọ ibùsùn aláìsàn. Omi gbígbóná jó o lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì nígbà kan, àpá rẹ̀ ò sì lọ. Ó dúdú bíi kóró iṣin, kò sì fìgbà kan tijú rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá mi fa àwòrán rẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin aláwọ̀ eérú kan ni mo rí níbẹ̀. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pòórá.

Ọ̀gá Dídán ni àwọn oníbàárà ń pe ọ̀gá mi, nítorí pé kò sí àwòrán tó tẹ́ ẹ lọ́rùn àfi èyí tó bá ń kọ mànà. Mo bi í ní ohun tó ṣe ojú ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Kò tilẹ̀ gbójú sókè kó tó dá mi lóhùn pé ojú dúdú kì í jáde lórí pépà, pé bí òun ṣe kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, àpò èédú ni òun rí, ni òun bá fi kọ̀ǹpútà mú kí ojú náà mọ́lẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí òun ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá dúdú láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì tìtorí rẹ̀ kú.

"Wọ́n tiẹ̀ máa ń dúpẹ́ ni," ló fi kún un.

Mo wo àwọn àwòrán yòókù lórí tábìlì. Dókítà méjì tó pupa nínú wọn hàn gedegbe, irun ìpéǹpéjú wọn ṣeé kà. Kò fọwọ́ kan wọn rárá. Mẹ́wàá tó kù, eérú.

N ò fi ọdún mẹ́rin kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì kí ẹnìkan wá máa sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ ń yan ojú tó wù ú. Nígbà tí ọ̀gá jáde lọ jẹun, mo tẹ àtẹ ìdánwò kan: àpótí kéékèèké mọ́kànlélógún tó tò tẹ̀léra, láti orí funfun dé orí dúdú kirikiri, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ dúdú ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ bá gún régé, ojú yóò lè ka gbogbo wọn. Mo kà á dé mẹ́rìndínlógún. Márùn-ún tó kẹ́yìn ti lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan, àwọ̀ wọn sì ṣá bí aṣọ dúdú tí a ti fọ̀ ní àfọ̀túnfọ̀.

Mo wá ìdí rẹ̀, kò sì pamọ́. Íńkì dúdú méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ọ̀kan fún pépà tó ń dán, ọ̀kan fún èyí tí kì í dán. Pépà tí kì í dán ni ilé ìwòsàn béèrè, kí iná gbọ̀ngàn má baà máa kọ síni lójú. Ọ̀gá Dídán ki pépà aláìdán bọ ẹ̀rọ, ó sì sọ fún ẹ̀rọ pé èyí tó ń dán ni, nítorí pé kò tíì yan orúkọ pépà mìíràn rí láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti dé. Ẹ̀rọ gbà á gbọ́. Ó gbé íńkì tí kò yẹ wá, pépà mu ún ní àmujù, gbogbo ibi tó dúdú sì dí pa. Dípò kí ọkùnrin yìí bi ẹ̀rọ léjọ́, ojú ènìyàn ló dá lẹ́bi. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Làpálàpá ọ̀hún kò tilẹ̀ sí.

Bàbá Onífírémù, tí tábìlì rẹ̀ kángun sí ẹ̀rọ náà, ń gbọ́ bí mo ṣe ń kùn. Ó ní kí n rọra, pé ẹnu mi yóò gbé mi jáde níbí. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Fọ́tò ọjọ́ tí ọmọ mi ṣègbéyàwó, ọ̀gá bó mi títí, ìyàwó mi ní ọkọ ta nìyẹn."

Mo yí íńkì padà. Ẹ̀rọ kùn, ó mì, ó dákẹ́. Mo sọ òótọ́ fún un nípa pépà, mo sì tún àtẹ náà tẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí a máa ṣèdájọ́ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ íńkì tútù a máa parọ́. Mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mọ́kàndínlógún ni mo kà. Méjì tó kẹ́yìn ṣì lẹ̀ mọ́ra. Mo dín íńkì kù díẹ̀ níbi tó dúdú jù, mo tún un tẹ̀, mo sì tẹ ojúlówó àwòrán Màmá Ńlá tẹ̀ lé e, èyí tí ọ̀gá kò tíì fi kọ̀ǹpútà yí padà. Ọ̀gá rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní kí n yéé fi pépà òun ṣeré. Ní Ọjọ́bọ̀, mọ́kànlélógún pé.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ wá kó àwòrán. Màmá Ńlá ti yọjú lọ́sàn-án láti wo tirẹ̀, Ọ̀gá Dídán sì gbé eléérú lé e lọ́wọ́ nínú fírémù. Ó wò ó pẹ́. Ó dúpẹ́, nítorí pé ọmọlúwàbí ni, ó sì béèrè jẹ́jẹ́ bóyá àwọn tí wọ́n jọ fọṣọ yóò dá òun mọ̀. Mo gbé tèmi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dúdú jókòó lórí dúdú níbẹ̀, wọn ò sì bo ara wọn mọ́lẹ̀: iwájú orí, ihò imú, òwú tó yọ létí kọ́là, àpá.

Kò fọwọ́ kan àwòrán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ló fọwọ́ kàn.

"Ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo débẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Mi ò sì sunkún."

Ọ̀gá Dídán bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn. Mo fi pépà ṣòfò, gbogbo fírémù la ti kàn pa, bí a bá sì tún méjìlá tẹ̀, wọn ò lè gbẹ kí a sì kàn wọ́n tán kó tó di Sátidé. Ó ní kí n gbé tèmi kúrò lórí tábìlì.

"Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbé báàgì ẹ. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tó ni ojú ti mọ̀, ọ̀gá."

Mo gbé fóònù, mo pe olórí àwọn nọ́ọ̀sì níṣojú rẹ̀. Mo kí i, mo sì sọ fún un pé kó má wá ní aago mẹ́rin mọ́, pé a ti ba àwòrán wọn jẹ́, a ti sọ ojú dúdú di eérú, pé kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni ló fà á, àwa ni. Kó wá ní Sátidé. Ọ̀gá Dídán nawọ́ sí fóònù. Mo kẹ̀yìn sí i.

"Ọmọ mi," ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì wí, "mo ti rò pé bí fọ́tò ṣe ń rí fún àwa tó dúdú nìyẹn."

Mo ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun yóò wá ní Sátidé, òun yóò sì mú fọ́tò tòun tí a tẹ̀ lọ́dún tó kọjá dání.

Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, Bàbá Onífírémù ti ń yọ ìṣó lẹ́yìn fírémù àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ọ̀gá wò ó, ó wò mí, ó wo Màmá Ńlá tó ti fa àga tó sì jókòó.

"Tó bá di Sátidé, kó ẹrù ẹ," ó sọ fún mi.

"Ọjọ́bọ̀ lòní, ọ̀gá," mo dá a lóhùn, mo sì ń to pépà sẹ́nu ẹ̀rọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹ ń dí mi ní ìmọ́lẹ̀."