Níútì Ilẹ̀ Àánú

Àárín èrò ni ojú wa ti ṣe mẹ́rin. Gbogbo ìjọ ti pé sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Castle Green nílùú òyìnbó, aṣọ funfun lọ súà, wọ́n ń lu agogo, lọ́ọ̀rì kan sì fi ẹ̀yìn wọlé. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó.

Ṣùgbọ́n mi ò dìde. Orí òkúta tó wá kó ni mo jókòó sí.

Òkìtì òkúta àfọ́kù ni, ó ti wà lẹ́bàá ògiri kí a tó ra ilé ṣọ́ọ̀ṣì náà. Abẹ́ rẹ̀ tutù, ibẹ̀ sì ni níútì ń gbé: ẹranko kékeré bí alángbá, dúdú, ara rẹ̀ rí kókó-kókó, ikùn rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Wòlíì ìjọ wa rí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní àwọn ọ̀tá ilé ló rán an sí wa. Màmá mi, ìyá ìjọ, ló háyà lọ́ọ̀rì pé kí wọ́n kó òkúta náà dànù.

"Moṣọpẹ́, dìde níbẹ̀ kí n tó gbá ẹ létí!"

"Ẹ gbá mi, Màmi. Orí òkúta yìí náà lẹ máa ti gbá mi."

"Ẹ gbọ́ ọmọ yìí! Nítorí alángbá òyìnbó!"

"Ṣé ilẹ̀ àánú kọ́ lẹ pe ibí ni? Nígbà tí Àǹtí Wúrà sá wá síbí, tí ọkọ wọn ń wá wọn kiri, ta ló lé wọn? Ẹ ní ẹni tó bá ti wọ ilẹ̀ àánú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí náà sá wọ̀ ọ́ ni!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Agogo dákẹ́.

Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, nítorí a kì í wọ bàtà lórí ilẹ̀ àánú, ilẹ̀ àdúrà wa. Láìwọ bàtà ló gun òkúta wá dúró tì mí.

"Màmá, ẹ má bínú. Akínbọ̀dé lorúkọ mi, aládùúrà nìyá tèmi náà. Mi ò lè kó ohun tó wà nílẹ̀ àánú."

"Dírẹ́bà ò tán ní Dagenham Dock tí mo ti háyà ẹ! Sátidé tó ń bọ̀, òmíràn á wá!"

Á sì wá lóòótọ́. Màmá mi kì í ṣeré. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fa lẹ́tà yọ. Kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ni mo kọ ọ́ sí, pé kí wọ́n wá wo ẹranko tí òfin ìlú yìí ní ká má ba ibùgbé rẹ̀ jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ ọ́, ẹ̀rù ìyá mi ni kò jẹ́ kí n fi ránṣẹ́.

"Kí nìyẹn?"

"Lẹ́tà kánsù ni, Màmi. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín."

Mo nà án sí Akínbọ̀dé lójú gbogbo ìjọ, pé kó bá mi fi ránṣẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á.